Owó Ẹsẹ̀ Ìjàpá

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo. Ó dá lórí àwọn ọmọ Idì. Ó tún kan Akàn kan tó wá láti etí òkun. Ẹ bá mi gbè é dáadáa, kí ẹni tí orin náà ń bá wí lè rò pé aládùúgbò òun là ń kọ ọ́ fún.

Ìlú kan wà lẹ́bàá ọ̀sà. Ìlú olórúkọ mẹ́ta ni. Àwọn kan ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn kan ń pè é ní Hogbonu, àwọn Potogí tó wá ra ẹrú sọ ọ́ ní Porto-Novo. Olú-ìlú ni nínú ìwé. Àwọn aṣòfin ń jókòó níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọba àwọn ẹranko kì í sùn níbẹ̀, Kútọnú ló ń sùn. Ilẹ̀ àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́ ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2022, wọ́n ní àwọn ò ṣe Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́, wọ́n di Àmọ̀tẹ́kùn. Ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù mọ ohun tí mò ń wí.

Ìjàpá ń gbé ìlú yìí. Kò lóko, kò lódò, kò níṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ní ni ilé tó gbé sẹ́yìn. Ilé náà dára. Kì í jò. Kò sí onílé tí í wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lópin oṣù. Ó yẹ kó tó o. Kò tó o.

Ní ìlú Idì, lápá ìlà-oòrùn, ọmọ pọ̀ ju ilé ẹ̀kọ́ orin lọ. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò àtiwọlé lọ́dọọdún ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹni tó bá sì ríbi wọlé, àwọn olùkọ́ rẹ̀ lè gbé ìwé jù sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ jókòó sílé, wọ́n ń wo ìyá wọn, ìyá wọn ń wò wọ́n.

Ni àwọn ọmọ Idì bá di ẹrù. Wọ́n gba Ìdí-Ìrókò, wọ́n bọ́ sí Ìgólò, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí Àjàṣẹ́. Wọ́n ti gbọ́ pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi èdè tí àwọn gbọ́ kọ́ni lórin, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í dúró lẹ́nu ọ̀nà fi ìdánwò lé èèyàn padà.

Wọ́n dé Ouando nírọ̀lẹ́. Wọ́n gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn ìyá tó ń ta àkàsà. Inú wọn dùn, wọ́n rò pé àwọn ò tíì kúrò nílé. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ èdè èèyàn lè gbọ́ iye tó wà lápò rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìjàpá yọ.

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹrù yìí mà pọ̀. Ilé lẹ̀ ń wá, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ẹ má pè mí ní bàbá. Bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n níbí ni kí ẹ pè mí: Fofo."

Ó bọ ọwọ́ sínú ẹ̀wù, ó fa ìdì kọ́kọ́rọ́ kan yọ, ó mì í, ó sì fi orin sí i:

Àlejò tó gbẹ́rù lórí,
*Jìnwìnnì-jinwin.*
Ilé ń bẹ, ilé pọ̀ lọ́wọ́ mi,
*Jìnwìnnì-jinwin.*
Èyí tó nílẹ̀kùn, èyí tó ní fèrèsé,
*Jìnwìnnì-jinwin.*
Ẹsẹ̀ Fofo kì í rìn lọ́fẹ̀ẹ́,
*Jìnwìnnì-jinwin.*

Iṣẹ́ tó mú ṣe yìí, démarcheur ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ará Èkó á ní ajẹ́ǹtì. Kò gba ṣọ́ọ̀bù, kò gba ìwé ẹ̀rí. Ẹnu ni, àti ẹsẹ̀. Ní ti kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí.

Owó ẹsẹ̀ kọ́kọ́ jáde: 2,000 fáráǹkì, kí a tó fi ojú kan ilé. Ìjàpá kó àwọn ọmọ Idì sórí kẹ̀kẹ́ zémidjan Ehoro, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí àárín ìlú àtijọ́. Ó dúró níwájú ilé kan, irú èyí tí àwọn Àgùdà kọ́ nígbà tí wọ́n ti Brazil dé. Òdòdó símẹ́ńtì tó wà lójú fèrèsé ti já bọ́ ku ewé. Ilẹ̀kùn iwájú jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ajá pupa kan sùn síbẹ̀.

"Ẹ wò ó dáadáa. Ó ku òmíràn."

Ehoro tún gbé wọn. Ó gba Catchi, ó yí padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ Mọ́ṣáláṣí Ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1912, mọ́ṣáláṣí tó fi ojú jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bahia, tí àlejò máa ń bi èèyàn léèrè pé irú ìsìn wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ó yí gbirigbiri, ó já síwájú ilẹ̀kùn aláwọ̀ aró kan. 2,000. Ajá pupa kan sùn síbẹ̀.

Wọ́n tún gun kẹ̀kẹ́. Wọ́n yí títí oòrùn fi wọ̀. Wọ́n dé ẹnu fèrèsé kan tó ṣí sílẹ̀. 2,000. Ajá pupa kan la ojú kan, ó tún pa á dé.

Àbíkẹ́yìn àwọn ọmọ Idì sọ̀rọ̀. "Fofo, ajá yìí jọ ti ibi méjì ìṣáájú."

"Àjàṣẹ́ ni," Ìjàpá wí. "Ajá wa jọra."

Iwájú ilé kan náà ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n mú èyí tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ aró, wọ́n ní ó tura ju méjì tó kù lọ.

Ó wá ku ọ̀dọ̀ àwọn onílé. Ikán ni wọ́n, ẹbí kan ni wọ́n, orí mẹ́sàn-án ni wọ́n ní. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ọ̀gán tí àwọn ọdẹ mẹ́ta rí kí Àjàṣẹ́ tó di ìlú, ẹ rọra o. Ohun tó jáde nínú ọ̀gán yẹn, òrìṣà ni, wọ́n ń bọ ọ́ títí dòní. Ikán tèmi yìí, onílé lásán ni wọ́n. Bàbá wọn kú, ó fi ilé kan sílẹ̀ fún ọmọ mẹ́sàn-án, ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ò sì jọ jẹun nínú àwo kan láti ọjọ́ ìsìnkú.

Òfin wà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òfin ò sí. Ní oṣù keje 2018, ọba àwọn ẹranko ti fọwọ́ sí i pé onílé kankan ò gbọdọ̀ gbà ju owó oṣù mẹ́ta lọ lọ́wọ́ ayálégbé kó tó wọlé. Ìjàpá mọ òfin yìí ju lọ́yà lọ.

Ó gbé ìka mẹ́ta sókè. "Oṣù mẹ́ta àsansílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí."

Àwọn ọmọ Idì mi orí.

Ó tún gbé ìka mẹ́ta sókè. "Oṣù mẹ́ta kósíọ̀n, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí."

Wọ́n wo ara wọn.

Ó gbé ìka mẹ́ta sókè lẹ́ẹ̀kẹta. "Oṣù mẹ́ta fún àwọn orí tí kò sí nílé lónìí, kí inú má baà bí wọn. Mẹ́ta-mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀. Ta ló rú òfin níbẹ̀?"

Yàrá kan àti pálọ̀ tí ọmọ ìlú ń san 15,000 fún lóṣù, 30,000 ni Fofo pè é fún wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀ lọ́nà mẹ́sàn-án. Ẹ fi owó iná lé e, ẹ fi owó omi lé e, ẹ fi oṣù kan tí í ṣe ti Fofo fúnra rẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ Idì pe ìyá wọn lórí fóònù. Ìyá wọn ta ẹ̀rọ ìránṣọ.

*Jìnwìnnì-jinwin.*

Àwọn tí owó wọn ò tó báyẹn, Ìjàpá kó wọn lọ sí Djassin, sẹ́bàá ọ̀sà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ilẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ láti Aguégués ń kọjá lọ́ọ̀ọ́kán. "Ẹ wo afẹ́fẹ́," Ìjàpá wí, "mi ò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kó wọlé.

Oṣù kẹfà dé. Òjò rọ̀. Lóru ọjọ́ kan, ọmọ Idì kan na ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan omi. Ó tan iná wò. Ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó sórí ìkòkò ìrẹsì rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìwé, àwọn ọmọ wọn ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ àga.

"Ẹ káalẹ́ o," Ọ̀pọ̀lọ́ wí. "Ẹ̀yin ni ayálégbé ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa ni ti òjò. Ṣé Fofo ò sọ fún yín ni? Àwa náà sanwó o. Mẹ́ta-mẹ́ta."

Ìyẹn náà tún sàn. Àwọn mẹ́ta kan wà tí Ìjàpá gba owó yàrá kan náà lọ́wọ́ wọn. Alẹ́ ọjọ́ kan náà ni wọ́n kó ẹrù dé. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, ilẹ̀kùn kan, kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣí i. Ariwo ta. Kò pẹ́, Zangbeto dé, ọdẹ òru ìlú náà, nínú aṣọ ìko rẹ̀, ó ń yí bìrìbìrì bọ̀ wá láàárín títì. Gbogbo ènìyàn pa ẹnu mọ́. Zangbeto ní kí wọ́n lọ pe ẹni tó gbowó wá.

Ìjàpá dé, ó ń nu ojú. Ó gbọ́ ẹjọ́ tán. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló fa ìjà? Ẹnì kan á sùn láàárọ̀, ẹnì kan á sùn lọ́sàn-án, ẹnì kan á sùn lóru. Ìwé lẹ wá kà, àbí oorun lẹ wá sùn?"

Èyí tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọ́n gbà. Wọ́n ti wá ilé títí ó sú wọn. Wọ́n jókòó sórí ẹrù wọn, wọ́n pín oorun. Zangbeto yí lẹ́ẹ̀mẹta, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ní olè tó ń fi òru rìn ni wọ́n ní kí òun máa ṣọ́. Èyí tó ń rìn lọ́sàn-án gangan, tó ń kíni káàbọ̀, kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé òun lọ́wọ́.

Ó di ìgbà kan, ilé tán. Tokpota kún, Djègan-Kpèvi kún, Ouando kún dé ẹ̀yìn ọjà. Ìjàpá ń mi kọ́kọ́rọ́, kò sí ohun tí yóò fi ṣí.

Ìgbà yẹn ni Akàn dé. Ó wá láti Sèmè, níbi tí páìpù epo tó gùn tó nǹkan bíi 2,000 kìlómítà ti ti ilẹ̀ Nìjẹ́ẹ̀ wá bọ́ sínú òkun. Akàn yìí kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń sè jẹ. Irú èyí tí kò ní ilé ti ara rẹ̀ ni, ìkarahun ẹlòmíràn ló máa ń gbé kiri. Àjèjì ni. Kò gbọ́ Gùn, kò gbọ́ Yorùbá, Faransé rẹ̀ kò ju ká-kíni ká-dágbére lọ. Ohun kan tó gbọ́ ni ìwé àdéhùn. Ó gbé e sábẹ́ apá, ojú ewé mẹ́rìnlá. Ó ka owó sórí tábìlì: 500,000. Ó na ọwọ́ sí àárín ẹ̀yìn Ìjàpá.

Ìjàpá yí ọrùn wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Yánníbo sáré jáde. "Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá fi èyí háyà, níbo lẹ ó wọ̀ bí òjò bá dé? Ihòòhò lẹ ó máa rìn láàárín ìlú."

"Yánníbo, fi mí sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń ru ilé yìí. Kò tíì pa kọ́bọ̀ kan wọlé fún mi rí."

"Ẹ tilẹ̀ jẹ́ kí ẹnì kan ka ìwé náà fún yín."

"Èmi ni mo ń háyà ilé fún gbogbo Àjàṣẹ́. Ta ni yóò ka ìwé ilé fún mi?"

Ó tẹ àtàǹpàkò. Ojú ewé mẹ́rìnlá, ìtẹ̀ mẹ́rìnlá. Ọdún mẹ́wàá. Ní ojú ewé kẹsàn-án, wọ́n kọ ọ́ pé ayálégbé láṣẹ láti fi yàrá háyà fún ẹnikẹ́ni, ní iye tó bá wù ú. Ìjàpá fi àtàǹpàkò tẹ ìyẹn náà. Ó fa orí yọ, ó fa apá yọ, ó fa ìdí yọ. Akàn fi ẹ̀yìn wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìjàpá ró ìró aṣọ kan mọ́ra. Ó lọ jẹ àkàsà àti ẹja ọ̀sà, ó fi sódabì lé e. Ó ń jẹ, ó ń kọrin. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó ní òun ò mọ̀ pé bí ayé ṣe fúyẹ́ tó nìyí fún àwọn tí kò ru nǹkan kan.

Nígbà tí ọdún 2023 ń parí lọ, ẹyẹ Àkókó wọ inú ìtàn wa. Ẹ mọ iṣẹ́ Àkókó: ó máa ń kan igi, kó lè mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ṣófo. Ó ti lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ orin kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí ọdún mẹ́rin lé e lọ́wọ́. Kò kọ orin kan. Wọn ò tilẹ̀ ní kó la ẹnu. Àkókó kó o sínú ìwé ìròyìn, ó kan án kí gbogbo igbó gbọ́.

Inú bí Idì. Ọdún tuntun kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, ní oṣù kìn-ín-ní 2024, nígbà tó kéde pé òun dá gbígba ìwé ẹ̀rí orin láti ibẹ̀ dúró, àti ti ìlú kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò ya ti ilé ẹ̀kọ́ kan sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ tó kọrin fún ọdún mẹ́rin tí ohùn wọn fi há, tí wọ́n sùn ní ìpín-ìpín, tí wọ́n bá ọ̀pọ̀lọ́ gbé, Idì pa wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tí kò la ẹnu rí. Owó ìlú wọn pàápàá ti ń kéré sí i láti àárín ọdún tó kọjá. Ìyá ọmọ wo ló ṣì ní ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn láti tà?

Wọ́n tún ẹrù dì. Ìgólò, Ìdí-Ìrókò. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ aró wà ní títì. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé wà ní títì. Ajá pupa náà ń sùn.

Àwọn ikán dé ọ̀dọ̀ Ìjàpá. Orí kìn-ín-ní ní, "Owó oṣù yìí dà?" Orí kejì ní, "Ti oṣù tó kọjá tí o ní o fún ẹ̀gbọ́n mi dà?" Orí kẹta ní, "Ṣé o máa ń gba 30,000? 15,000 lo máa ń sọ fún wa." Àwọn orí tó kù kò sọ̀rọ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìró aṣọ rẹ̀ láti etí. Ní àárín ìṣẹ́jú díẹ̀, Ìjàpá kò ní aṣọ, kò ní owó. Ó sá. Àwọsánmà ṣú. Àwòdì ń yí lókè, ó ń wo ẹran tútù tó ń sá láìní èèpo.

Ìjàpá dé ẹnu ilẹ̀kùn tó mọ̀ jùlọ láyé. Ó kàn án.

"Ta nìyẹn?" Akàn wí. Yorùbá rẹ̀ ti já gaara. Ọ̀dọ̀ Ìjàpá ló ti kọ́ ọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ owó ló kọ́kọ́ mọ̀.

"Èmi ni. Fofo."

"Ẹ kú ìrìn o, ọmọ mi. Ilé lẹ̀ ń wá, àbí?"

"Ilé mi ni mò ń wá! Àwòdì ń bọ̀!"

Akàn mì kọ́kọ́rọ́:

Àlejò tí kò lẹ́rù lórí,
*Jìnwìnnì-jinwin.*
Ilé ń bẹ, yàrá kan ló kù,
*Jìnwìnnì-jinwin.*
Ojú ewé kẹsàn-án ló fún mi láṣẹ,
*Jìnwìnnì-jinwin.*
Ẹsẹ̀ Akàn mẹ́jọ ni, ẹ kà á,
*Jìnwìnnì-jinwin.*

Akàn mú un wo ihò orí. "Ilé kan nìyí. 2,000." Ó mú un yí lọ sẹ́yìn, ó fi ihò ìrù hàn án. "Òmíràn nìyí, ó tura díẹ̀. 2,000." Ó mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó fi ihò ẹsẹ̀ hàn án. "Èyí ní afẹ́fẹ́. 2,000."

"Ilé kan náà ni!" Ìjàpá ké.

"Àjàṣẹ́ ni," Akàn wí. "Ihò wa jọra."

Ó gbé ọwọ́ sókè, ìka méjì péré ni Akàn ní, ó fi ọwọ́ kejì yá ìka kan kó lè pé mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta àsansílẹ̀. Ó tún gbé e sókè. Oṣù mẹ́ta kósíọ̀n. Ó tún gbé e sókè. Ìjàpá ní òun máa san án, òun máa san án díẹ̀díẹ̀, kó ṣáà ṣí ilẹ̀kùn.

"Díẹ̀díẹ̀ kò burú," Akàn wí, "ṣùgbọ́n ẹ ní láti mú onígbọ̀wọ́ wá. Ẹni tó mọ̀ yín dáadáa, tó ní ilé tirẹ̀."

Ìjàpá sáré tọ Ehoro lọ. Ehoro ti gbéra lọ gbé èrò mìíràn. Ó sáré tọ Ọ̀pọ̀lọ́ lọ. Ọ̀pọ̀lọ́ béèrè kósíọ̀n rẹ̀. Ó wá sáré délé, ó bá Yánníbo lẹ́nu ọ̀nà, ilé tirẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ digbí.

"Yánníbo, ìyàwó mi àtàtà, bá mi ká lọ. Bá mi sọ fún Akàn pé o mọ̀ mí."

Yánníbo wo òkè, ó rí Àwòdì. Ó wo Ìjàpá láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wẹ ọwọ́, ó nu ún, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ sí i.

"Ó jìnnà díẹ̀, Baálé mi. Ẹ kọ́kọ́ san owó ẹsẹ̀ mi."